Ohùn Ilé Tó Sọnù Lẹ́nu Ferréol Daumas

Bí ẹ bá pàdé Ferréol Daumas nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Páríìsì, ẹ óò kí i. Gbogbo ènìyàn ló ń kí i. Wọn á wò ó, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, dókítà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tọ́jú màmá mi lọ́dún yẹn?" Ferréol kì í jiyàn. Á ní, "Báwo lara màmá?" Bí wọ́n bá ní màmá ti kú, á ṣí fìlà, á bá wọn dárò. Bí wọ́n bá ní ara màmá le, á ní kí wọ́n dín iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ kù. Kò kọ́ iṣẹ́ dókítà rí láyé rẹ̀. Òṣèré ni, ó sì ti ṣe dókítà nínú fíìmù mọ́kànlélógójì. Òun ni dókítà tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́. Á wọlé, á di ọwọ́ aláìsàn mú, á ní, "Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́," á fa aṣọ bo òkú lójú, á sì jáde.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ Faransé a máa pe irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ní ọ̀bẹ kẹta. Ọ̀bẹ kìíní ni wọ́n ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀bẹ kejì ló ń bá a jà, ọ̀bẹ kẹta ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì. Ferréol ti ṣílẹ̀kùn nínú fíìmù tó lé ní àádóje. Ẹ wá bi àwọn tó ń kí i lórúkọ rẹ̀, wọn á ní ó wà lẹ́nu àwọn, àwọn ò kàn rí i pè ni.

A ò bí i sí Páríìsì. Port-Elzéar, abúlé apẹja kan lẹ́bàá Marseille ní Gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1931. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n yára pa ẹnu dé. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni jẹ ìrèké, tí ó bá di ìparí gbólóhùn, wọ́n á tún gbé e sókè bí orin. Bí ìyá Ferréol bá yọrí lójú fèrèsé láti pè é wá jẹun, orúkọ rẹ̀ á gùn títí á fi dé ojú omi. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Baptistin, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ló jọ ń tú àwọ̀n baba wọn láràárọ̀, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ṣépè fún ẹja tó bá bọ́ lọ.

Nígbà tí Ferréol pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó yege ìdánwò, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ eré ní Páríìsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó la ẹnu ka ewì níwájú kíláàsì, ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Olùkọ́ rẹ̀, Ìyáàfin Vauquelin, ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, o ní ojú, o ní ìdúró. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohùn yẹn, alásè àti agbélẹ́tà ni wàá máa ṣe títí wàá fi kú, wọn á sì máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Èwo ló wù ọ́?"

Ó fún un ní ìdérí ìgò wáìnì kan, irú èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, pé kó máa fi eyín iwájú dì í mú, kó máa fi ka ìwé. Ferréol ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà òtútù ọdún méjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, oorun rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gúúsù ló ti gé ìdérí ìgò jẹ ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwa ará orílẹ̀-èdè yìí ti gbà láàárín ara wa pé ohùn kan ṣoṣo ló yẹ ẹni tó bá fẹ́ sunkún lórí ìtàgé. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó wá pa wá lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Baba wọn kú lọ́dún 1953. Ferréol wọkọ̀ wá sílé, ó sì dìde ka ìwé mímọ́ lẹ́bàá sàréè. Ó kà á dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó gbé mì. Àwọn ará abúlé ń wo bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun na búrẹ́dì. Baptistin kò na nǹkan kan. Ó yíjú sí Norine, ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó.

"Norine, ta ló ń bá wa jẹun yìí? Ṣé àwọn agbowó-orí ló rán an ni?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ferréol náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Baptistin, èmi ni."

"Ìwọ ta? Àbúrò tèmi a máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Èyí ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́ tó fẹ́ rán mi lẹ́wọ̀n."

"Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ náà ló gbà bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo fi baba wa tí a sin láàárọ̀ yìí búra, mi ò ní fẹsẹ̀ mi tẹ ilé sinimá tí wọ́n bá ti ń fi ọ́ hàn, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá dá àbúrò mi padà fún mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Baptistin sì jẹ́ irú ẹni tí kì í tẹ̀ ba kó ẹyin fífọ́. Wọn kò bá ara wọn jà o. Oṣù kìíní ọdún ò ní lọ kí káàdì ọdún tuntun má dé láti Port-Elzéar, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà nínú rẹ̀: "Ara wa le. Baptistin." Norine tilẹ̀ yọ́ lọ sí Marseille lẹ́ẹ̀kan, ó rí Ferréol nínú fíìmù níbi tó ti ń fa aṣọ bo òkú lójú, ó sì kọ̀wé sí i pé aṣọ náà gún régé. Ṣùgbọ́n Baptistin kò wo fíìmù àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo fún ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Ní Páríìsì, iṣẹ́ kò wọ́n Ferréol. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, kì í bá ọ̀bẹ kìíní du àyè. Ó fẹ́ Huguette tó ń rán aṣọ àwọn òṣèré, wọn kò sì bímọ. Lọ́dún kẹjọ, Huguette di ẹrù rẹ̀.

"Ọdún mẹ́jọ rèé," ó ní, "mi ò tíì mọ bí ohùn rẹ ṣe máa ń rí tí inú bá bí ọ. Bínú báyìí, kí n gbọ́."

Ferréol fi ohùn tó dára dá a lóhùn pé ohun tó ń sọ yé òun. Huguette gbé àpótí rẹ̀, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè karùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ló kù nínú yàrá méjèèjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, á sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, á ní "ẹ káàárọ̀" fún obìnrin tó ń tà á, ó sì lè jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó dúró níwájú dígí lọ́jọ́ kan, ó ní kí òun pe orúkọ ara òun bí ìyá òun ṣe ń pè é láti ojú fèrèsé. Dókítà Páríìsì kan ló gbọ́ tó ń pe aláìsàn tó kàn. Ó dùn ún wọra. Kò gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Aurore Tessandier pè é lórí fóònù. Olùdarí fíìmù ni, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó fẹ́ ṣe fíìmù nípa apẹja arúgbó kan, Tonin, tó kọ̀ láti ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó sì ti rí i nínú ìwé pé Port-Elzéar ni wọ́n bí Ferréol sí. Ó fẹ́ kó wá ṣe Tonin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọ̀bẹ kìíní ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Ferréol wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù lọ, ó sì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá," Aurore ní. "Ojú yín, ọwọ́ yín, kò sí èyí tí kò pé. Ẹ kàn bá mi ka ojú ìwé yìí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé yín."

Ferréol kà á. Ó fa ọ̀rọ̀, ó gbé e sókè. Aurore ń yí bírò lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èyí dà bí ìpolówó òróró tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Port-Elzéar ni wọ́n bí mi sí."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn." Ó ti ìwé náà sí i lọ́wọ́. "Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá rí ohùn yẹn, ẹ̀yin ni Tonin. Bí ẹ ò bá rí i, mà á wá ẹlòmíràn, ẹ má sì fi mí bú."

Kì í ṣe ipò Tonin ló gba Ferréol lọ́kàn bó ṣe ń rìn lọ sílé. Ó ń ro ìbúra ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ohùn náà bá padà, Baptistin yóò wọ ilé sinimá, yóò jókòó, yóò gbọ́ ọ, yóò sì gbà níkẹyìn pé àbúrò òun nìyí. Kò sí ohun mìíràn tó kù tó ń fẹ́ láyé. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì.

Orí àga ní etí omi ló bá Baptistin, àwọ̀n lórí itan rẹ̀. Àyà ti ń da ẹ̀gbọ́n láàmú, kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó má dúró mí láàárín.

"Áà! Dókítà ti dé. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá gbé ọ wá? Norine ní bí o bá ti yọjú síbì kan, aṣọ ìbòkú ló kàn."

Ferréol ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Baptistin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Kí n gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tó ní kí o lọ sọ ọ́ nù, àwọn náà ló tún ní kí o lọ wá a wá?"

"Àwọn náà ni."

"Wọn ò nítìjú. Ìwọ náà ò nítìjú. Wá bá wa ju bọ́ọ̀lù lọ́la, ó ṣe tán, lọ́jọ́ Sunday, wèrè pàápàá ní àyè níbẹ̀."

Bọ́ọ̀lù irin tí à ń jù lórí iyẹ̀pẹ̀ ló ń wí. Gbogbo abúlé ló yí wọn ká lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, níbi tí Baptistin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ti na àbúrò rẹ̀ ní àmì mẹ́tàlá sí òdo. Ìyà irú ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa: ẹni tí kò bá gba àmì kankan gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, kó fẹnu ko ìdí ìhòòhò Fanny, obìnrin inú àwòrán tí wọ́n gbé sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ferréol kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ sì balẹ̀ sórí òkúta ṣóńṣó kan. Ó ké, ó ṣépè.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti wá, ká gún un lábẹ́rẹ́ lójijì. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ́tí. Èpè náà jáde mọ́ tónítóní, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìròyìn ní Páríìsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú. Baptistin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ti rò pé ìgbéraga ló ń ṣe àbúrò òun, pé ó ní ohùn ilé nípamọ́ síbì kan, kò kàn fẹ́ fi bá àwọn sọ̀rọ̀ ni. Ó rìn lọ bá a, ó gbé e dìde lórí eékún.

"Ó ti lọ pátápátá, àbí?"

"Ó ti lọ, Baptistin."

"Mú ìwé rẹ wá sílé lọ́la."

Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó ní ilé ìdáná Norine, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láàárín wọn, tí Baptistin ń ka ọ̀rọ̀ Tonin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí náà ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀, ó sì ń bá ẹni tó kọ ọ́ jà.

"Ta ló kọ ìranù yìí? 'Òkun ni ìyá mi.' Apẹja wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Òkun kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò burúkú ni òkun, bó bá kí ọ láàárọ̀, ṣọ́ra."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, mà á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á."

"Ẹ̀yin òṣèré méjèèjì, ẹ gbé ìwé yín kúrò," Norine ní, ó gbé ẹja oníyọ̀, kárọ́ọ̀tì bíbọ̀ àti ọbẹ̀ aáyù síwájú wọn. "Ìyà ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ baba wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú Ferréol dùn lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn ju bó ti dùn ní ogójì ọdún lọ. Nígbà tó ń lọ, Baptistin sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Èyí, mà á wò ó. Iwájú pátápátá ni mà á jókòó sí. Bí mo bá gbọ́ àbúrò mi, mà á dìde, mà á sọ fún gbogbo Port-Elzéar. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, mà á bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀."

Ferréol gbé kásẹ́ẹ̀tì dé Páríìsì, ó sì kọ́ ọ bí òṣèré ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí yóò ṣe mọ̀ pé àṣìṣe ni, nítorí ọ̀nà mìíràn kò yé e. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀. Ó kọ́ ibi tí Baptistin ti ń dúró mí láàárín gbólóhùn. Ó kọ́ ikọ́ rẹ̀, àti bó ṣe ń ṣẹ́ ahọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Èyí tí Ferréol wọ̀ yìí kò fún un, kò ṣo ó. Nígbà tó padà lọ bá Aurore ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò tíì ka ìdajì ojú ìwé tí obìnrin náà fi fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá," ó ní, "níbo lẹ gbé èyí pamọ́ sí?"

Oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní èbúté kan tó jìnnà sí Port-Elzéar. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Norine pè é. Baptistin ti kú láàárọ̀, lórí àga rẹ̀ ní etí omi. Ferréol lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àlùfáà bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn ka ìwé mímọ́, ó kọ̀. Kò mọ ẹnu tí yóò fi kà á. Ó dì mọ́ Norine, ó sunkún, ó sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta, nítorí ogójì ènìyàn ló dúró dè é. Bó ti ń sọ ọ̀rọ̀ Tonin níwájú kámẹ́rà, àwọn tó ń tún iná ṣe ń nu ojú. Wọ́n ní àwọn ò rí irú òṣèré báyìí rí.

Fíìmù náà jáde nígbà òtútù, orúkọ Ferréol sì gba ojú ìwé ara ògiri láti apá dé apá. Nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, wọn kò pè é ní dókítà mọ́. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Daumas. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ohùn tí ọkùnrin yìí gbé láti ilé kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni wọ́n fi fíìmù náà han Port-Elzéar, ní gbọ̀ngàn abúlé. Norine jókòó síwájú, nínú aṣọ dúdú. Ferréol dúró lẹ́yìn. Tonin la ẹnu rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ, àwọn arúgbó ọkùnrin sì ṣí fìlà. "Ẹ gbọ́ Baptistin o," ẹnì kan wí, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó dé ibi aládùúgbò burúkú, ẹ̀rín sọ, ẹkún náà sọ. Nígbà tó parí, wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá Ferréol mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, olórí abúlé sì fẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. "O jí i dìde fún wa," wọ́n ní. "O jí Baptistin dìde."

Ó dúró títí gbogbo wọn fi jáde tán, ó wá lọ bá Norine níbi tó ṣì jókòó sí.

"Norine, ẹni tó ṣèlérí pé òun á dìde sọ̀rọ̀ kò sí mọ́. Ìwọ ni kí o bá mi sọ ọ́. Ṣé o gbọ́ àbúrò rẹ̀?"

Norine nu ojú rẹ̀ gbẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé obìnrin náà purọ́ fún òun rí.

"Baptistin ni mo gbọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ikọ́ rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Mo ń dúró dè ọ́, Ferréol. Mo dúró títí iná fi tàn. O ò dé."

Ferréol la ẹnu. Norine yára gbé ọwọ́ lé e lápá.

"Jọ̀ọ́, má sọ̀rọ̀. Wá jẹun nílé, mo se ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má sọ nǹkan kan títí wàá fi lọ. Tí o bá fi ohùn Páríìsì yẹn sọ̀rọ̀, ti ọkọ mi á kúrò létí mi. Jẹ́ kó bá mi dé ilé lónìí yìí nìkan."

Wọ́n jọ gun òkè lọ sílé. Norine fi àga ọkọ rẹ̀ hàn án, Ferréol jókòó, Norine sì bu ọbẹ̀ fún un. Ferréol jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí Norine bi í bóyá kí òun fi kún un, ó na àwo rẹ̀ sí i.